Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Màmá Ń Jẹ́wọ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àbúrò mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Ṣé Màmá ń sùn dáadáa? Ikọ́ yẹn ńkọ́? Kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, kó má sì pẹ́ lọ́nà bíi ti ìṣáájú tó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó dé ọwọ́ yín.

Èmi wà láàyè, iṣẹ́ ni kò jẹ́ n sinmi. Àgbàlagbà mẹ́rìnlá ni wọ́n kó sábẹ́ ìtọ́jú mi nílé ìtọ́jú arúgbó yìí. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, mò ń yí wọn sọ́tùn-ún sósì kí ẹ̀gbẹ́ wọn má baà dégbò. Ọṣẹ tí wọ́n ń kó fún wa ti bó àtẹ́lẹwọ́ mi bí èèpo àlùbọ́sà.

Bàbá kan wà nínú wọn tó ti ṣe olùkọ́ rí. Bàbá Tíṣà ni mò ń pè é. Tí mo bá ti gbé e jókòó láàárọ̀, á ní kí n dúró ná, òun fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ òun fún Ọlọ́run. Ọkùnrin tí kò lè dá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì! Mo bi í pé, "Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ráyè dá láti àná?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣépè fún mi nínú ọkàn òun nígbà tí mo da omi tútù sí òun lára.

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí pásítọ̀ bá ní kí oníkálukú jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo ìjọ á máa kùn bí oyin, èmi á kàn kúnlẹ̀ bí òkúta. Ìwọ tí ò ń kọ́ni ní kíláàsì Bíbélì, dá mi lóhùn. Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo, tó wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣe é, kí ni a tún ń ròyìn fún un? Ta ló ń sọ ìtàn ogun fún ẹni tó wà lójú ogun?

Má gbàgbé, ilé ìyàwó pásítọ̀ wa níbí ni kí o máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí o. Lẹ́tà máa ń sọnù níbi iṣẹ́ wa.

Bá mi di ọwọ́ Màmá mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsimi. Ẹ wá ìpara fi pa ọwọ́ yín. Lẹ́tà yín dé, mo sì kà á sí Màmá létí. Ó ní kí n kí yín, kí ẹ má máa bọ́ sínú òtútù láìjẹun.

Ikọ́ Màmá kò lọ. Ó ti gbẹ débi pé tí mo bá gbé e, ó máa ń ṣe mí bíi pé aṣọ lásán ni mo gbé. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà lórí eékún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àdúrà kan náà ni. Ọdún karùn-ún rèé. "Ọlọ́run, Ìwọ tí ò ń rí gbogbo nǹkan, dárí jì mí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi jó ọjọ́ ọ̀la ọmọ mi." Ẹ ò gbàgbé ọjọ́ Sátidé yẹn, tó palẹ̀ yàrá mọ́, tó kó bébà àtijọ́ sẹ́yìn ilé tó sì ṣáná sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni a kò ti rí ìwé ẹ̀rí girama mi mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó ti gbà mí fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ fi sílẹ̀ ni mo wá ń fi rán aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì. Mo mọ ìbàdí gbogbo wọn.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè. Ọlọ́run tó gbin igi tí Ádámù sá sẹ́yìn rẹ̀, ṣé kò mọ ibi tó wà ni? Ó mọ̀. Síbẹ̀ Ó pè é, Ó ní níbo lo wà. Ìyá tó bá rí ṣúgà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, tó wá béèrè pé ta ló ṣí agolo, kì í ṣe olè ló ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣì lè sòótọ́ fún òun. Ohun tí mò ń kọ́ wọn ní kíláàsì nìyẹn.

Mo tún lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò lóṣù kìíní. Wọ́n ti ń tún ìwé tẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù báyìí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí fáìlì mi, ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì pa á dé.

Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ sọ fún Màmá, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Màá kà á fún un bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kí yín o. Má bínú pé mo pẹ́. Ènìyàn mẹ́ta ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹrù wọn sì já lé èjìká mi.

O ní kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún Màmá. Ó dáa, kà á fún un. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo fọ́ dígí ńlá rẹ̀ tó fi ti ògiri yẹn, tí mo ní ológbò ni. Mo jẹ́wọ́ pé nígbà tó bá rán mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú rẹ, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń fi ọ́ sí, tí màá lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ mi. Mo jẹ́wọ́ pé mo bínú nígbà tí Bàbá kú tí wọ́n sì ní èmi ni kí n fi ilé ìwé sílẹ̀, kí ìwọ lè máa lọ. Mi ò sọ ọ́ nígbà náà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń rán aṣọ, ìwọ ń kàwé.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ìdánwò yẹn, kí lo tún ń wá lọ síbẹ̀? Ọjọ́ ti lọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn á kàn máa fi ọ́ ṣe lọ-bọ̀ ni. Ìwé ò ju ìwé lọ. Èmi tí mo wà níbí, ṣé ìwé ni mo fi ń wẹ àgbàlagbà? Kí ni ọkùnrin yẹn sọ fún ọ?

Ádámù tí o ń sọ yẹn, nígbà tó jẹ́wọ́ tán, ṣé wọn kò lé e jáde nínú ọgbà ni?

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti dígí, títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ológbò wo ló máa fi ìgbálẹ̀ gbá àfọ́kù dígí sábẹ́ àpótí?" Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi bá yín wí. Ó ní òun ń retí kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún kò pẹ́ jù.

Kò lè dá kúnlẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, tí mò ń fi ìrọ̀rí sábẹ́ eékún rẹ̀, tí mò ń dì í mú lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Mo ní, "Màmá, ẹ gbàdúrà lórí bẹ́ẹ̀dì, Ọlọ́run ń gbọ́." Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, ṣé orí ìdùbúlẹ̀ ni màá ti sọ ọ́?"

Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́ tèmi fún yín. Lẹ́yìn tí ẹ rìnrìn àjò, ọdún méjì gbáko ni mi ò fi pè é ní Màmá. Mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Tó bá gbé e ka iwájú mi, màá gbé e fún adìẹ lójú rẹ̀. Ó máa ń dúró wò mí, á sì kó àwo náà lọ fọ̀. Mo rò pé ó tọ́ sí i.

Dókítà ní kí a má retí ju oṣù méjì lọ. Lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí ohun kan bá wà nílẹ̀, ẹ kọ ọ́.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mi ò rí èsì. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń béèrè bóyá ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti kọjá. Lánàá, mo purọ́ fún un pé ẹ kọ̀wé pé ara yín kò yá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ mọ́.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Lẹ́tà àbúrò mi ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó ka èyí sí yín létí, kó má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Màmá, ẹ dìde lórí eékún yín. Ẹ kò jó ìwé kankan. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ palẹ̀ yàrá mọ́, ìwé ẹ̀rí yẹn ti wà lábẹ́ aṣọ mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo mú un.

Àwọn tó fẹ́ mú mi wá síbí ní àwọn kò gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Mo sọ fún ara mi pé abẹ́rẹ́ mi ló ran àbúrò mi lọ́wọ́ tó fi kàwé jáde, pé ìdajì ìwé náà jẹ́ tèmi. Mo ní wọ́n á tún òmíràn tẹ̀ fún un. Nígbà tó wá ń tú àpótí kiri, tí ẹ̀yin náà ń bá a wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe pé ó wà nínú pàǹtí tí ẹ jó?" Ẹnu tèmi ló ti jáde. Ẹ wo ọwọ́ yín méjèèjì. Mo rí yín. Mo rí i bí ojú yín ṣe ń yí padà, mo sì gbé omi lọ sí balùwẹ̀, mo lọ wẹ̀.

Orúkọ àbúrò mi ni wọ́n ń pè mí níbí. Òun ló wà lórí báàjì àyà mi. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yín kò fi gbọdọ̀ wá síbi iṣẹ́: wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ sọ mí. Bàbá Tíṣà kú lóṣù tó kọjá, orúkọ yẹn ló pè gbẹ̀yìn, tó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ọpẹ́ tó jẹ́ tẹlòmíràn.

Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ẹnu mi kò ṣí. Ó máa ń ṣe mí bíi pé Ó ń bi mí pé ṣé Òun ni mo purọ́ mọ́. Màmá, ẹ dárí jì mí. Kí àbúrò mi kọ ohun tí ẹ bá sọ ránṣẹ́ sí mi, ì báà jẹ́ èpè.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Ìwọ,

Wàá rí i pé mi ò kí ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, mi ò pè ọ́ ní "o" rí. Màmá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, Màmá kò sì sí nílé.

Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, láàárọ̀, lórí eékún rẹ̀. Èmi ni mo dì í mú lẹ́yìn. Ó ti sọ dé "ọwọ́ mi yìí" kí orí rẹ̀ tó rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Mo dúró kó parí àdúrà.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo kà á sókè nínú yàrá rẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kankan. Mátírẹ́sì nìkan ló gbọ́.

Má rò pé lẹ́tà rẹ ló là mí lójú. Ọkùnrin ọ́fíìsì ìdánwò kò kàn pa fáìlì dé lóṣù kìíní. Ó yí i sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Madam, ẹni tó ni orúkọ yìí ti ní kí a fi ẹ̀rí ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Fọ́tò rẹ̀ rèé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Aṣọ tí o wọ̀ nínú fọ́tò náà, èmi ni mo lọ̀ ọ́ fún ọ. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rin gbogbo ọ̀nà dé ilé, mi ò wọ ọkọ̀.

Kí o tó bi mí léèrè ìdí tí a fi ń jẹ́wọ́ fún ẹni tó ti mọ̀, mo ti mọ̀. Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ, àyè ni mò ń fún ọ. O kọ ti dígí. O kọ ti ológbò.

Wọ́n ní kí wọ́n tó tẹ ìwé mi, àfi kí n wádìí ẹni tó wà nínú fọ́tò náà, kí n kọ orúkọ rẹ̀ síwèé. Mi ò tíì kọ ọ́.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Àbúrò mi,

Mo ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, bó o tilẹ̀ pè mí ní "ìwọ".

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo sunkún Màmá títí àwọn tó ń kọjá fi ń yà fún mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ bá mètírọ̀nù, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní, "Mà, orúkọ tí ẹ ń pè mí kì í ṣe tèmi." Ó kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ni, ó ní kí n lọ sinmi. Mo tún un sọ. Ó wá ní kí n sọ orúkọ mi gan-an. Mo sọ ọ́, ó ní kí n tún un pè, òun kò gbọ́. Kò ya mí lẹ́nu, ọdún márùn-ún ni mi ò ti fi ẹnu ara mi pè é. Wọ́n ti gba báàjì náà. Wọ́n á dá mi padà kí ọdún tó parí. Kọ orúkọ mi fún ọ́fíìsì ìdánwò, má ṣe bò mí.

Ẹ̀bi mi kò lẹ́gbẹ́, mi ò sì wá ẹni tí màá pín in fún. Ṣùgbọ́n mo ti ka lẹ́tà rẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ibì kan sì wà tí mi ò lè gbé mì. Ìwọ mọ̀ lóṣù kìíní. Màmá kú lóṣù keje. Láàárọ̀ gbogbo ò ń gbé e sọ̀kalẹ̀, ò ń fi ìrọ̀rí sábẹ́ eékún rẹ̀, ò ń gbọ́ bó ṣe ń tọrọ ìdáríjì fún ohun tí kò ṣe, o sì mọ̀ pé kò ṣe é. Gbólóhùn kan ni ì bá gbà ọ́. "Màmá, ẹ̀yin kọ́." Kí ló dí ọ lẹ́nu? Ò ń dúró dè mí. O fẹ́ rí eékún mi nílẹ̀, o sì fi ti Màmá dúró.

Èmi jí ìwé rẹ. Àlàáfíà Màmá, àwa méjèèjì la jọ jí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo dá "ẹ" padà fún yín. Mi ò tíì dárí jì yín. Ẹnu mi ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìkejì yẹn.

Mo ti kọ orúkọ yín síwèé fún wọn. Wọ́n ní wọn á tẹ ìwé mi fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti pé méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn ará ilé ìwòsàn ṣì ń gbé aṣọ wá.

Ohun tí ẹ sọ nípa mi, òótọ́ ni. Mo wá àwáwí títí, mi ò rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ ọ́ fún Màmá, yóò pa á; tàbí pé ẹnu yín ló tọ́ kó ti jáde. Ní òwúrọ̀ kan lóṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Kí lo fẹ́ sọ?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún ìrọ̀rí ṣe." Inú mi dùn pé èmi ni mo mọ̀, tí ẹ̀yin ń sá kiri. Ọlọ́run lè mọ̀ kó dákẹ́ kó sì dúró dè wá, torí Òun kò ní kú, àwa tí Ó ń dúró dè kò sì kúrò lójú Rẹ̀. Èmi kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìyá tó kù fún oṣù méjì ni mo ní.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ fi Màmá ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní obìnrin yìí mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìsinmi. Gbogbo ìjọ ní àmín. Èmi náà ní àmín. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè kọ́ kíláàsì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí a jẹ́wọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo dìde dúró. Mi ò mọ̀ pé màá dìde. Mo ní, "Màmá mi kò jó ìwé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un. Èmi mọ̀ fún oṣù mẹ́fà, mi ò sọ fún un." Ìyá kan tó jókòó níwájú mi fa etí aṣọ mi, ó ní kí n má tú àṣírí ilé. Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó rọra di apá mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ọlọ́run ti mọ gbogbo rẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọlọ́run mọ̀. Màmá ni kò mọ̀."

Ó fi apá mi sílẹ̀. Ó ní kí akọrin gbé orin. Mo jókòó, mo sì bá wọn kọ ọ́ dé òpin. Nígbà tí a jáde, wọ́n ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, bóyá ẹnì kan á kí mi. Nígbà tó yá, mo lọ sílé.

Tí wọ́n bá dá yín padà, yàrá Màmá ṣófo.

Àbúrò yín